Ohun Tí Mo Fi Bọ́ Aáyán Ilé Wa

Ilé náà kò tíì parí tí a fi kó wọ ọ́. Bàbá wa ló ní ilé kì í parí, pé ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò kun ọ̀dà sára ògiri kó tó kúrò nílé onílé, ilé onílé náà ni yóò darúgbó sí. Bí a ṣe di ẹrù wa nìyẹn nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ ńlẹ̀, a kó dé Fate ní Ìlọrin, sínú ilé tí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ṣì ń bu eruku sìmẹ́ńtì, tí aṣọ ìkélé jẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, tí gbogbo ibi tó yẹ kí oníná ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí lára ògiri sì ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbé ilé tó ju márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé, ilé yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ariwo rẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìpè ìdájí láti mọ́ṣáláṣí tó wà lọ́wọ́ òsì wa, orin àwọn tó ń ṣe ìsìn òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, korobá tó ń gbá ara kànga, ìgbálẹ̀ Mọ́mì tó ń lọ tó ń bọ̀. Mọ́mì kì í fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ìdọ̀tí nínú ilé rẹ̀. Tíṣà ni, bó sì ṣe ń ṣe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ló ń ṣe àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kí o tó dìde nídìí oúnjẹ, wàá gbé àwo rẹ wá kó wò ó. Bí hóró ẹ̀wà kan bá kù níbẹ̀, wàá padà lọ jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo kórìíra ẹ̀wà, mo sì mọ bí ẹ̀yìn ìjókòó ṣe ń dunni.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló kó aáyán wá. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ Bàbá wa, tó ń gbé GRA, fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ máa lọ sílùú rẹ̀, ó wá ń ta àwọn ẹrù tí kò lè kó lọ. Bàbá wa, tó jẹ́ pé ìta ló ti ń wo ilé àwọn ọ̀gá GRA láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ìjọba, lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó ga dé àjà. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Bàbá wa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ń sọ pé kí wọ́n rọra, pé irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Mọ́mì gbóòórùn rẹ̀, ó ní nǹkan kan ń rùn nínú rẹ̀. Bàbá wa ní òórùn ojúlówó igi ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, tó wá láti Ọ̀mù-Àrán láti bá wa to ẹrù, kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta tí Mọ́mì fa dúróò kan nínú rẹ̀ kó lè kó ṣíbí sí i, tí aáyán mẹ́fà tàbí méje tú jáde tí wọ́n gba apá rẹ̀ lọ sókè, ni Ìyá Àgbà tó lanu. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ó sì ń rẹ́ ilá rẹ̀ lọ.

Kó tó pé oṣù kan, aáyán ti gba ilé. Wọ́n wà nínú bàtà, wọ́n wà lẹ́yìn àwòrán ìgbéyàwó àwọn òbí wa, wọ́n wà nínú ìwé orin Mọ́mì tí wọ́n ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọn bàtà gbogbo ilé láràárọ̀, kí n fọ àwo kí a tó bu oúnjẹ sí i, kí n sì tún un fọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Wàrà tí a máa ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, tí Mọ́mì máa ń dín sílẹ̀ fún alẹ́, kò ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ní ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni kò jẹ́, nítorí náà ká ra àgbébọ̀ méjì ká sọ wọ́n sí kíṣíìnì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mọ́mì kò lè wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ kó sọ pé adìẹ kan kò ní yàgbẹ́ sí kíṣíìnì tí òun fi ọdún mọ́kànlá dúró dè, ó kàn tún ń fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà síta, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n da omi gbígbóná sí i. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Àwọn tó ti wọ inú ògiri kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìbá ṣe pé ọ̀rọ̀ ìríra lásán ni, ẹ̀rín ni à bá máa rín lónìí. Àbúrò mi Tinúkẹ́ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ikọ́ fée sì ti ń bá a jà láti kékeré, àmọ́ nínú ilé tuntun yìí, ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù wá di ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àyà rẹ̀ á máa wọ inú, èjìká rẹ̀ á máa gòkè, ohùn kan á máa súfèé nínú ọ̀fun rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ọ̀kan nínú wa ló jókòó lé e láyà. Dókítà ní aáyán ni. Ó ní ìgbẹ́ wọn àti èèpo ara wọn ló ń gbẹ, tó ń di eruku, eruku yẹn ni ọmọ náà sì ń mí sínú. Ó ní àwọn aáyán gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọmọ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Òun ń padà sí Ọ̀mù-Àrán ní ìparí oṣù. Tí ilé bá ti mọ́ nígbà yẹn, ayọ̀ ni. Tí kò bá mọ́, Tinúkẹ́ á bá òun lọ. Bàbá wa gbà. Mọ́mì wọ kíṣíìnì lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni òun náà dàgbà sí, ó sì ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé ọmọ òun kankan kò ní jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ nílé ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ọ tó ń fọn imú, mo mọ ohun tó ń dùn ún, inú mi kò sì bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ kó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí kò sí ẹni tí mo ń tan jẹ mọ́. Mo ń jowú Tinúkẹ́. Láti ìgbà tí àyà rẹ̀ ti ń dí, òun ló ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ni kì í gbálẹ̀, òun ni Mọ́mì kì í gbé àwo rẹ̀ wò. Ẹ̀wà ni tèmi, ẹyin ni tirẹ̀. Bísíkíìtì wà fún un nínú agolo kan, mílíìkì wà, ṣúgà onígun mẹ́rin wà, nítorí dókítà kan ti sọ nígbà kan rí pé kí ó sanra díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí òun bá ń sùn tí àwọn àgbà wà lábẹ́ igi lóde, mo máa ń mú bísíkíìtì méjì, ṣúgà mẹ́ta, mo sì máa ń fi wọ́n pamọ́ sínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì wa, nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ̀wà tí n kò lè gbé mì náà ń lọ síbẹ̀, màá fi sẹ́nu, màá fi àwo tó mọ́ han Mọ́mì, màá sì lọ tu ú sínú ọ̀rá náà. Kì í ṣe ebi. Mi ò jẹ ìdajì ohun tí mo jí. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ tèmi, tí kì í ṣe ti àyà Tinúkẹ́. Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ aáyán, mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ohun tí mo ń ṣe, torí pé mo ti ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ihò náà tí mo bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo dákẹ́.

Mọ́mì kò fẹ́ gba kámú. Ó lọ sí Táíwò Road ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ra oríṣi oògùn mẹ́ta, ó ní òun á fi parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó kó wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìborùn di imú, ó fín gbogbo yàrá, ó ti fèrèsé pa. A dúró síta títí òòrùn fi ń wọ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó gbá òkú aáyán tó kún páàkì kan, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní ká wọlé wá jẹun. Tinúkẹ́ kò tíì jókòó tán tí ọwọ́ rẹ̀ fi di etí tábìlì mú. Lọ́jọ́ yẹn kò tilẹ̀ súfèé. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sí ohun tó ń wọlé, kò sí ohun tó ń jáde. Ètè rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Mọ́mì ń fún ínhélà, oògùn ikọ́ fée rẹ̀, sí i lẹ́nu, ó sì fún ìdajì rẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá wa gbé e sáré sí ọkọ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà ló kù sílé, ìrẹsì ń tutù níwájú wa. Ìyá Àgbà ń gbàdúrà, kò sì gbé ohùn sókè, ó kàn ń dárúkọ ọmọ náà, gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó ń tún un pè. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má pa á. Mo ṣèlérí pé màá kó ọ̀rá náà jáde. Wọ́n gbé e padà wálé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́yìn ọwọ́, gbogbo èèyàn sì ń fún un ní nǹkan, mi ò sì kó o jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́mì ló júwe Alfa Yúsúfù. Ó ní ọkùnrin náà ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn pa kòkòrò, kì í sì í fín nǹkan kan síbi tí aláìsàn bá wà. Ọmọ Ìlọrin gidi ni, láti agboolé àwọn oní-kéwú, gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kéwú, òun nìkan ló ya sídìí aáyán, ó sì fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó gun ọ̀kadà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan, ó gbé àpótí onígi kan lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ funfun nini. Mọ́mì kò kọ́kọ́ fẹ́ kó kọjá pálọ̀. Ojú ń tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun kì í ṣe ọ̀bùn, pé ẹrù kan ni àwọn rà. Alfa fi ọwọ́ dá a dúró jẹ́jẹ́.

"Tíṣà, gbogbo ilé ló ní fìtínà tiẹ̀. Ohun tí mo bá rí nílé èèyàn, àmánà ni lọ́dọ̀ mi, ohun tí wọ́n fi sí mi níkàáwọ́ ni. Wàlláhì, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ."

Ó wọlé, kò fín nǹkan kan. Ó ń kúnlẹ̀ nídìí ògiri, ó ń fi imú wá wọn bí ajá ọdẹ, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó pe Bàbá wa, ó fi hàn án pé páìpù tí oníná fẹ́ gba wáyà kọjá nínú ògiri ni títì àwọn aáyán, pé láti kíṣíìnì ni wọ́n ti ń gba inú rẹ̀ dé gbogbo yàrá. Bí ògiri ò bá lanu, Ìyá Àgbà dá sí i láti orí àga rẹ̀, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, Bàbá wa sì wo ilẹ̀. Alfa yọ sìríńjì kan tí ìpara bí epo ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ó ń kán an sí ojú ọ̀nà wọn, kín-ín-kín-ín, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Nígbà tó dé yàrá wa, Tinúkẹ́ ń sùn, oògùn ọsibítù ṣì wà lára rẹ̀. Alfa ní kí wọ́n má jí i, kí wọ́n má wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kán ìpara yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ká, ó jáde. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń mí bíi pé èmi ni mo ní ikọ́ fée. Ní pálọ̀, ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ebi ni oògùn òun fi ń ṣiṣẹ́. Aáyán tí ebi ń pa á jẹ ẹ́, á padà lọ kú sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn náà á jẹ òkú rẹ̀, ikú á ràn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí oúnjẹ gidi níbì kan, wọn ò ní wo oògùn náà lójú méjì. Ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ méje tí èérún kankan kò ní bọ́ sílẹ̀ nínú ilé náà.

Ọjọ́ méje yẹn, ilé wa di bárékè. Abẹ́ igi lóde ni a ti ń jẹun. Mọ́mì ń nu ẹnu wa kí a tó wọlé. Kò sí ẹni tó ń gbé gúgúrú, kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀kọ wọlé, Bàbá wa pàápàá ń gbọn àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà torí ẹ̀pà tó máa ń jẹ níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀rù borí owú nínú mi. Mo dúró de ìgbà tí gbogbo wọn wà lóde, mo fa bẹ́ẹ̀dì, mo ti ọwọ́ bọ inú ihò náà. Ọwọ́ mi kan ọ̀rá, aáyán kan gun ọwọ́ mi, mo ta gìrì, ìka mi sì ti ọ̀rá náà lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ bó ṣe já bọ́ sínú búlọ́ọ̀kù, sí ibi tí àárín búlọ́ọ̀kù ti ṣófo. Mo fi ìgbálẹ̀ wá a, mo fi rúlà ilé-ẹ̀kọ́ mi wá a, kò sí. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo lè dá ṣe mọ́. Àfi kí àgbàlagbà kan mú òòlù kó fọ́ ògiri, àgbàlagbà kò sì lè fọ́ ògiri tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo máa ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ìpara tó wà nídìí rẹ̀, kò dín. Tinúkẹ́ á ní kí n wá ká ṣeré, màá ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ keje, Alfa dé. Ní kíṣíìnì, ìpara ti tán, òkú aáyán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí èèpo ẹ̀pà, Mọ́mì di ọwọ́ mú, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní pálọ̀, ó ti tán. Ní yàrá wa, ó wà bó ṣe wà. Alfa kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó bi Mọ́mì bóyá oúnjẹ wà nínú yàrá náà. Mọ́mì ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun fúnra òun ni òun ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pé àwọn ọmọ òun kì í jẹun ní yàrá, kí ó bi àwọn aládùúgbò. Wọ́n wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Alfa tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, kò rí nǹkan kan, ó gbé imú sí i, ó sì yí ojú padà sí mi. Mi ò mọ ohun tó wà lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó kà á. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. Ó sọ fún àwọn òbí wa pé oúnjẹ wà lẹ́yìn ògiri yìí níbì kan, pé òun kò mọ bó ṣe débẹ̀, òun kò sì ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nílé wọn. Ó ní kí wọ́n bi ara wọn. Nígbà tó ń di àpótí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé omi tí Mọ́mì ní kí n bù fún un lọ. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, àmánà tèmi ni pé kí n má sọ. Ìwọ ò ní àmánà kankan níbẹ̀. Àyà ọmọ ìyá ẹ lọ̀rọ̀ yìí kàn."

Bàbá wa ní Alfa kàn ń wá ohun tó máa sọ torí oògùn rẹ̀ kò jẹ́ ní yàrá kan. Mọ́mì, tí ojú ti tì nítorí pé wọ́n ní oúnjẹ wà nínú yàrá tó ń gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà Tinúkẹ́ tún súfèé, kò le, ṣùgbọ́n ó tó. Ìyá Àgbà ní ọ̀túnla ni òun ń lọ, kí wọ́n di ẹrù ọmọ náà. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, mo lọ ilé-ẹ̀kọ́, mo dé, mo rí àwọn aṣọ kékeré rẹ̀ tí Mọ́mì ń lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì ń kó sínú báàgì, àwọn tí kò nílò ìlọ̀ pàápàá. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá lọ, àyà rẹ̀ á dáa, pé ohun tó dáa ni mo ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Mo ń ronú nípa fèrèsé, pé èmi ni màá máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, mọ́tò tí yóò gbé wọn dé gáréèjì ti dé, dírẹ́bà ń fun fèrè. Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì kúnlẹ̀, ó ń so okùn bàtà Tinúkẹ́, ó so ó, ó tú u, ó tún un so, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí bàtà náà, kò sì nù ún. Mi ò tíì rí kí Mọ́mì jẹ́ kí nǹkan kan kán sílẹ̀ kó má nù ún. Ìyẹn ló fọ́ mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ní oúnjẹ wà nínú ògiri, èmi ni mo fi síbẹ̀, mo ti ń jí bísíkíìtì Tinúkẹ́ láti ìgbà tí a ti kó dé, mo ti ń tu ẹ̀wà síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Bàbá wa kò bínú lójú ẹsẹ̀, ó kọjá lára mi, ó lọ mú òòlù nínú ẹrù àwọn bíríkìlà tó kù lẹ́yìnkùlé. Mọ́mì ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Bọ́lá, o gbọ́ ohun tí dókítà sọ. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ètè ẹ̀ yí padà. Kí ló dé tó ò sọ?"

Mo lè sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ nìyẹn náà, ọmọdé kò sì ní jẹ̀bi rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sòótọ́, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró.

"Mo fẹ́ kó lọ."

Tinúkẹ́ wà láàárín èmi àti Mọ́mì, bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì lọ́wọ́ Mọ́mì. Ó wò mí. Kò sunkún. Ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ lójú títì tí kò sì mọ̀ ọ́n rí. Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í ró nínú yàrá wa. Ògiri náà ya nígbà kẹrin. Ohun tó jáde níbẹ̀, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ láìjẹ́ pé ara mi bù máṣọ lónìí. Wọ́n dà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da àpò gbàgùdà gbígbẹ, wọ́n ń gba orí ẹsẹ̀ Bàbá wa kọjá, eruku sìmẹ́ńtì àti òórùn wọn sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Àgbà gbé e jáde sí mọ́tò, ó ní eruku yìí nìkan tó pa á, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ, nígbà tí wọ́n bá ti dí ògiri, kí wọ́n wá mú un. Mọ́mì ń sáré lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bàtà kan. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, Tinúkẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sáré tẹ̀lé Mọ́mì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò, mo ní Tinúkẹ́, mi ò fẹ́ kí o lọ mọ́, mo búra. Ó ti gbé orí lé itan Ìyá Àgbà, ó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Alfa padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó rí ògiri tó ya, kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kán ìpara rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá wa pe oníná, wọ́n dí gbogbo ihò tó wà nínú ilé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ tó ti ní kò kánjú láti ìgbà tí a ti kó dé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí aáyán kan ṣoṣo nínú ilé wa. Mọ́mì nà mí, lẹ́ẹ̀kan, kò sì le tó bí mo ṣe fẹ́ kó le. Bàbá wa wá lọ sí Ọ̀mù-Àrán láti mú Tinúkẹ́ wálé. Òun nìkan ló padà. Ó ní ọmọ náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà nígbà tó gbọ́ ohùn òun, pé ó ní ibẹ̀ dáa, ara òun le. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n má fi tipátipá mú un, kí wọ́n jẹ́ kó lo sáà kan. Sáà kan di ọdún kan, ọdún kan di méjì. Àwọn òbí mi ń lọ wò ó, wọ́n ń mú mi dání nígbà mìíràn, ó máa ń wà lóko tàbí nílé ọ̀rẹ́ tí mo bá dé. Mo ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí mo bá rí ẹni tó ń fọ́nnu lónìí pé òtítọ́ kì í pani lára, mo máa ń wò ó pẹ́, mi ò sì ní jiyàn.

Nígbà tí ara Ìyá Àgbà kò le mọ́, wọ́n mú Tinúkẹ́ padà wálé. Ó ti ga. Ó ti sanra, àyà rẹ̀ ti dáa, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ti múra ohun tí màá sọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ti gbálẹ̀ yàrá wa, mo ti tẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé fún un. Tinúkẹ́, tó máa ń fò mọ́ mi lẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, tí kò fún mi ní ìkúnlẹ̀ kankan rí láyé rẹ̀, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kí mi dáadáa bí wọ́n ṣe ń kí onílé. Mọ́mì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Mo ní kó dìde, kó máa bọ̀. Kò dìde. Ó gbé ojú sókè, ó sì bi mí bóyá òun lè wọlé.